Ohun Tí Ìyá Ọkọ Ń Kà Lórí Okùn Aṣọ

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rán tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn wá ń fà bí ìgbín, ọ̀gá wọn, obìnrin ńlá kan tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, gbé àrà tuntun dé. Ó ní àwọn yóò máa rán páàdì aláṣọ, irú èyí tí obìnrin lè lò, kó fọ̀ ọ́, kó sá a sóòrùn, kó sì tún lò ó lóṣù tó ń bọ̀.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní ta ohun tí mi ò mọ bó ṣe ń ṣe lára," ló wí. "Mo fẹ́ ẹnì kan tó máa dán an wò fún mi. Oṣù mẹ́ta ni. Lóṣù kìíní, páàdì aláṣọ. Lóṣù kejì, pátá tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóṣù kẹta, ife rọ́bà tí àwọn kan ń tà káàkiri, ká lè mọ ẹni tí à ń bá du oníbàárà."

"Ife?" ni ọ̀kan nínú wọn pariwo. "Níbo la ó gbé ife ọ̀hún kọ́?"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ dọ̀sán lórí páàdì ọlọ́ràá, tí ìdí ń yún un, tí kò sì lè họ ọ́ lójú ayé, onítọ̀hún kò ní fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nawọ́ sókè.

Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọkọ yìí, fíríìjì ló ń tún ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìyá rẹ̀ ló ni ohùn inú ilé náà. Ọgbọ̀n ọdún ni màmá yìí fi tọ́jú ẹrù ní stọ́ọ̀ ilé ìwòsàn kan, kò sì sí báńdéèjì tó wọlé tàbí tó jáde tí kò kà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí báńdéèjì mọ́, ó wá ń ka ohun tó wà nílé: ọṣẹ, ṣíbí, iye ìgbà tí ìyàwó wọ balùwẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ kò sì tíì dé.

Lóṣù kìíní, páàdì aláṣọ náà ṣe é bí idán. Inú rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ ìnura, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá, bọ́tìnnì méjì ló sì dì í mọ́ pátá. Ó fi omi tútù rẹ ẹ, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì sá a sórí okùn ẹ̀yìnkùlé, nítorí ọ̀gá ti kìlọ̀ pé oòrùn gbọ́dọ̀ rí i kòrókòró. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde wá, ó dúró sábẹ́ okùn náà, ó ń fi ìka tọ́ka.

"Mẹ́rin lánàá. Márùn-ún lónìí." Ó sọ ọ́ sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́. "Ìyàwó, ọmọ ọmọ mi lò ń fọ̀ dà sí gọ́tà yìí o. Márùn-ún!"

Abẹ́rẹ́ wọlé, ó kọ ọ́ sínú ìwé tí ọ̀gá fún un: *Kò jò. Ó gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìdí kò yún mi.* Kò kọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ sí i.

Ohun kan wà tó mọ̀ tí kò sọ. Ní ọdún méjì ṣáájú, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà sọ ọ́ fún wọn láìfi bọpo bọyọ̀: kò sí ohun tó ṣe ìyàwó, ọkọ ni kò ní irúgbìn. Lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn náà, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí Mọ́mì bá gbọ́, ó máa kú. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó mọ sáàárín àwa méjèèjì." Abẹ́rẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó ti mọ síbẹ̀.

Lóṣù kejì, ó lo pátá náà. Dúdú ni, ó nípọn díẹ̀ ju pátá lásán lọ, ó sì rò pé bí òun bá sá a sáàárín àwọn aṣọ yòókù, ojú kò ní dá a mọ̀. Ojú ẹni tó ti ka báńdéèjì fún ọgbọ̀n ọdún kọ́. Màmá fà á wálẹ̀ lórí okùn, ó fún un pọ̀, ó tún rì í sínú omi, omi náà sì pọ́n díẹ̀.

"O rò pé o gbọ́n," ló wí. Kò bínú o, ẹ̀rín ló ń rín. Ó mú pátá náà, ó lọ sí iwájú ilé, ó fi kọ́ géètì.

Nígbà tí ọkọ dé láti ibi iṣẹ́, abẹ́ pátá ìyàwó rẹ̀ ló gbà wọlé. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó jẹun tán. Abẹ́rẹ́ ló lọ tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bí àwọn tó ń kọjá ṣe ń wò ó.

Oṣù kẹta wá kó ife dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀, ó ká a bí ọ̀gá ṣe júwe rẹ̀, ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò lu ògiri. Ó fọ̀ ọ́, ó tún ká a. Ó ta á nínú débi tó fi gé ètè rẹ̀ jẹ. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó wọlé, ó ṣí, ó sì jókòó sáàyè rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó rán kọ́là aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélógún láìdìde. Kò sí ohun tó jò, kò sí ohun tó yún un. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni pé kò sí ohun tí ó ní láti sá.

Màmá ń wo okùn. Ó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ń gbé garawa omi lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi. Kì í ṣe irú ẹ ló yẹ kó máa gbé nǹkan wúwo."

*Ọmọ mi.* Láti ọdún mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó yé Abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá ti gbé omi lọ, ó ń kọrin.

Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù fún un. Lọ́jọ́ kẹta, ẹran tó tóbi jù ló bọ́ sínú àwo rẹ̀. Wọ́n ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Ẹni tí ebi ojúure ti pa fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n wá gbé àwo ojúure síwájú rẹ̀, ṣé kò ní tọ́ ọ wò ni? Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn.

Síbẹ̀ ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mọ́mì rò pé mo lóyún."

Ọkọ kò gbójú sókè kúrò lára mọ́tò fíríìjì tó ń tú. "Jẹ́ kínú wọn dùn díẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Oyún máa ń wálẹ̀," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ ń wò ó bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bá òun mú síkúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan oṣù náà tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Abẹ́rẹ́ gbé ife náà sínú ìkòkò kékeré láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nítorí ó gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣeé lò. Kò mọ̀ pé Màmá ti ránṣẹ́ pe bàbá kan tó jẹ́ àbúrò ọkọ Màmá tó ti dolóògbé, àti àkọ́bí Màmá obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ Abẹ́rẹ́, láti wá gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Àwọn àti ọkọ Abẹ́rẹ́ ti jókòó sí pálọ̀ nígbà tí Abẹ́rẹ́ jáde lọ kí wọn. Ní kíkí tó ń kí wọn yìí, ìyá ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó sì ṣí ìkòkò.

Ó mọ ohun tó rí. Wọ́n ti kó páálí irú rẹ̀ wá sí stọ́ọ̀ rí, ó sì ti kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gbé e wá sí pálọ̀ nínú àwo, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. "Ẹ wá wo ọmọ tí ìyàwó wa bí."

"Kí nìyẹn?" ni bàbá náà bi í.

"Ife tí wọ́n fi ń gbọn ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ni. Ó ń gbọn ọ́n, ó ń dà á nù, ó wá ń jókòó sórí tìmùtìmù mi, ó ń jẹ ẹran mi!"

Abẹ́rẹ́ kò wo ìyá náà. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ọkọ náà wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó ní: "Èmi náà ò mọ̀. Òun ló sọ fún mi pé òun lóyún."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní irú obìnrin báyìí lè pa èèyàn. Màmá bu omi láti inú jọ́ọ̀gì tó wà lórí tábìlì, ó dà á sínú ife rọ́bà náà títí ó fi kún.

"Ṣebí ife ni wọ́n ń pè é? Omi là ń mu nínú ife. Mu ún."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mu ún kí n rí i."

Abẹ́rẹ́ gbà á. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù ló jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ráyè dá wọn dúró kó tó kàn án lẹ́nu ni. Ó kàn án lẹ́nu. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní adùn kankan. Ó mu ún tán. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n ọkọ ti dáwọ́ dúró nígbà yẹn.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Abẹ́rẹ́ bá ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí àwo tó ń fọ̀.

"Mọ́mì, kì í ṣe èmi. Ẹ lọ bi ọmọ yín léèrè ohun tí dókítà sọ. Òun ni kò lè..."

"Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?" Ìyá náà kò yí ojú padà. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ṣégede mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó sọ̀ kalẹ̀, kórópọ̀n rẹ̀ wú bí nǹkan. Èmi ni mo ń fi omi tútù rẹ ẹ́. Dókítà ibi iṣẹ́ wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ohun tó máa jẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. O ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń ka páàdì mi."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi ẹ̀. Nígbà tí mo rò pé o lóyún, mi ò bìkítà ibi tó o ti gbé e wá, orúkọ ọmọ mi ni yóò jẹ́." Ó nu àwo kan, ó gbé e lé èkejì. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o ò ní ọmọ, kò lè yé ẹ."

Abẹ́rẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì rọra ń sọ ọ́, nítorí ó fẹ́ kó dùn ún. Ó ní ìyá tí ọkọ ń bẹ̀rù pé yóò kú bó bá gbọ́ ti mọ̀ láti ìgbà tí ọkọ náà wà ní ọ̀dọ́. Spánà bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí fíríìjì tó wà ní ìdùbúlẹ̀, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Abẹ́rẹ́ rò pé yóò dìde wàyí, yóò wọlé lọ, yóò sọ ohun kan.

Nígbà tó gbé ojú sókè, ojú náà ti fúyẹ́. "Ó dáa náà," ló wí. "Tí Mọ́mì bá ti mọ̀, kò sí nǹkan tí mò ń sá fún mọ́. Ìwọ ṣáà máa ṣe bó o ṣe ń ṣe. Tá a bá mú un mọ́ra, ó máa lọ."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Abẹ́rẹ́ ti kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, ó sì lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá kò bi í ní ìbéèrè. Ó fún un ní mátírẹ́ẹ̀sì.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń yí okùn báàgì rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n fẹ́ mú mi wọ ilé tí ẹ ti jáde. Mọ́mì tọ́jú mi gan-an, ọ̀gbẹ́ni yẹn náà ṣe jẹ́jẹ́. Mo kàn ní kí n wá bi yín ohun tó ṣẹlẹ̀. Mọ́mì ní nítorí pé ẹ ò lè bímọ ni."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ṣégede, omi inú ife. Ó ku kó tú wọn síta. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti ń wò ó tàánútàánú, ó ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni wo ilé tó jó. Àánú yẹn bí Abẹ́rẹ́ nínú.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló wí. "Èmi ni mi ò lè bí. Ìwọ máa bí. Wò ó bára ẹ ṣe dáa tó."

Inú ọmọ náà dùn débi tó fi dì mọ́ ọn. Ó ní Ọlọ́run yóò ṣàánú Abẹ́rẹ́ náà. Ó jáde, ó dúró kí àwọn ọkọ̀ kọjá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àyè wà láti pè é. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọmọ náà sọdá.

"Ta nìyẹn?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ni," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó sì bá iṣẹ́ lọ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó rán lọ́sàn-án ọjọ́ náà wọ́, ọ̀gá sì ní kó tú gbogbo rẹ̀.