Ayò Tó Ń Ronú Jù

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyàwó mi àti kọ̀ǹpútà fún yín, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Hédzranawoé, àdúgbò wa ní Lomé, wọn ò sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Àkànjí ni mí, èmi tí mò ń ta firíìjì àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù lẹ́yìn ọjà. Rùkáyátù nìyàwó mi. Ọmọ wa Fàdílátù ti wà nílé ọkọ n'Íbàdàn, àwa méjèèjì la kù sílé.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún gírẹ́fù ni. Gbogbo Lomé daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní dẹmokírésì làwọn fẹ́. Báǹkì tì, ilé ìwé tì, ọjà tì. Ẹ máa gbọ́ ìbọn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ò ní mọ ẹni tó yìn ín. Àwọn èèyàn wá ń di ẹrù, àwọn kan gba Gánà lọ, àwọn kan gba Cotonou. Àrìnkẹ́ wà nínú àwọn tó lọ sí Cotonou. Àrìnkẹ́ yìí ló ń bá ìyàwó mi ta ayò, ojoojúmọ́ ayé, ó ti tó ogún ọdún. Tí ẹ bá gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú ara wọn nídìí ọpọ́n, ẹ máa sáré wá là wọ́n ni. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Àrìnkẹ́ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Sátidé, Rùkáyátù ò sọ̀rọ̀. Sọ́ńdè, kò sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Àtìní, bí mo ṣe ń wọ bàtà kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bàbá Fàdílátù, Lucien ń lọ sí Cotonou ní Sátidé. Mo ti ní kó fi àyè kan sílẹ̀ fún mi. Tí mo bá débẹ̀, màá wọ ọkọ̀ Ìbàdàn."

Lucien yìí ni dẹ́rẹ́bà tó ń gbé èrò kọjá bọ́dà. Ọmọ Mínà ni, àmọ́ ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé ìbọn ló ń bà ọ́ lẹ́rù ni?"

"Ìbọn kọ́. Ilé yìí ló pa lọ́lọ́ jù. Ẹ̀yin ń lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi ń bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Ẹrù ni mò ń ṣọ́."

"Ẹ máa ṣọ́ ọ."

Mo lọ, mo jókòó, ara mi ò balẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé. Tó bá dé Ìbàdàn, tí Fàdílátù gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, ṣé ó máa padà? Mo mọ Rùkáyátù. Kò ní padà bọ̀rọ̀.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò bá a ta ayò fúnra mi. Kò gbà fún mi ni! Òun, ọ̀ta ni, ó mọ̀ ọ́n ta kọjá ààlà. Èmi, ọ̀pẹ ni mí, mi ò mọ̀ ọ́n ta rárá. Ọ̀ta kì í sì í jókòó ti ọ̀pẹ, ìtìjú ni wọ́n kà á sí. Ọdún tí mo gbé e níyàwó, a ta á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó nà mí, inú bí mi, mo da ọpọ́n nù, mi ò tún jẹ oúnjẹ tó sè. Ó ní òun ò ní bá mi ta á mọ́ láyé. Kò sì bá mi ta á mọ́ lóòótọ́.

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rántí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, inú ẹrù Jámánì ló bá wá, láàrin àwọn firíìjì, kò sẹ́ni tó rà á. Mo sì rántí Dásọ́lá, ọmọbìnrin kan tó wá láti Èkó wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Tokoin Wuiti ló ń gbé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé wọn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ayò sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan, ó ń tà á nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti polówó ẹ̀ fún mi rí: "Bàbá, ẹ kàn máa tẹ nọ́ńbà ni. Kọ̀ǹpútà á máa bá yín ta á bí èèyàn."

Bí èèyàn! Mo gun alùpùpù zémi lọ síbẹ̀, mo ra ọ̀kan. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí ọmọlanke, ó di ilé.

Rùkáyátù ní, "Kí lẹ gbé wọlé yìí?"

Mo ní, "Àrìnkẹ́ tuntun ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ó ti parí, mo ti borí.

Ẹ máa rí ọpọ́n lójú gíláàsì ẹ̀, ilé mẹ́fà lókè, ilé mẹ́fà nísàlẹ̀, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Rùkáyátù tẹ nọ́ńbà, ọmọ ayò pín ara wọn. Ó kan kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: MO N RONU. A dúró díẹ̀, ó ta á. Rùkáyátù ta tiẹ̀. MO N RONU. A tún dúró. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ìyàwó mi ti ṣa ẹ̀wà, ó ti gbé e kaná, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ti kírun Àílà, ó tún ṣe àdúà gígùn fún gbogbo ẹbí, òkú àti alààyè. Ó padà dé. MO N RONU.

"Ọ̀pẹ!" Ó fi ọwọ́ lu orí ẹ̀. "Ọ̀pẹ Jámánì! Ta ayò! Àbí ìwọ náà ti bọ́ sínú gírẹ́fù ni?"

Kọ̀ǹpútà dákẹ́.

"Ẹ ẹ̀ rí i bí? Mo bú u, kò bú mi padà. Ayò tí kò lẹ́nu! Ẹ lọ bá mi pe ẹni tó ṣe é wá."

Àárọ̀ Àtàláátà ni Dásọ́lá dé. Ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ lo ta èyí fún ọkọ mi?"

"Èmi ni mà."

"Jókòó, jẹ́ ká jọ wò ó."

Wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń wo MO N RONU. Rùkáyátù dìde. Ó bu omi fún un, ó mu ún tán. MO N RONU. Òógùn ti ń bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ.

"Màmá, ní ọ́fíìsì tí mo ti ṣe é, kì í ṣe báyìí o. Wéré ló ń ta á níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tiyín ló ti pẹ́."

"Ṣé ọ́fíìsì lo tà á fún, àbí ọkọ mi?"

"Ọkọ yín ni mà."

"O gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ wò rí, kí o tó máa tà á?"

Dásọ́lá wo ilẹ̀. "Rárá mà."

"Tí mo bá se mọ́ínmọ́ín, tí mi ò tọ́ ọ wò, tí mo gbé e fún oníbàárà, kí lo máa pè mí?"

"Ẹ má bínú mà. Alhaji Kàbírù tó rà á ní Ablogamé náà ti ránṣẹ́ èébú sí mi. Wọ́n ní àwọn ta ọwọ́ kan, àwọn sùn, àwọn jí, kò tíì ta tiẹ̀."

Èmi ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Rùkáyátù ní, "Kí ló tiẹ̀ ń rò ná?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mà. Gbogbo ilé tó lè ta, gbogbo èyí tí ẹ lè fi dá a lóhùn, gbogbo èyí tí òun náà lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ó máa wò ó lọ síwájú bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́jọ kó tó ta ẹyọ kan."

"Yéè!" Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Ta ló kọ́ ọ ní ayò?"

"Inú ìwé ni mo ti kà á mà."

"Mo mọ̀! Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń wo gbogbo ẹ̀. Ilé tí ọmọ kan tàbí méjì bá wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ, ibẹ̀ lo máa wò. Ilé tó bá kún lọ́dọ̀ tìẹ, wo ibi tó máa já sí. Ìyókù, fi ojú fò ó."

Dásọ́lá yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ nítorí kò mú ìwé dání. Ó ní òun máa tún un ṣe, òun á mú un wá ní Jímọ̀. Ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà kó sinmi, Rùkáyátù figbe ta: "Má pa á! Mo ti jẹ mọ́kàndínlógún!"

Bí kọ̀ǹpútà ṣe wà ní títàn nìyẹn, ó ń ronú. Ìyàwó mi lọ tú ẹrù tó ti dì, ó yọ ọpọ́n ayò. Ó to ọmọ ayò sínú ẹ̀ bó ṣe wà lójú gíláàsì gẹ́lẹ́.

"Bàbá Fàdílátù, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ bá mi ṣe kọ̀ǹpútà."

"Èmi? Ṣebí ọ̀pẹ ni mí?"

"Ọ̀pẹ tó bá ṣáà máa ta á ni mò ń wá báyìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Mo ń fi ìka wá ilé tí màá ta. Ó nà mí ní wéré. Ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ yín, bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn." Mo ní, "Ìwọ wo ẹnu ẹ, bí rédíò tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti bàjẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọpọ́n mú. A tún un tò.

Lọ́jọ́ Àlàrùba, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Àlàmísì, mi ò lọ. À ń ta ayò, à ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nǹkan tí Àrìnkẹ́ sọ kó tó lọ, ojú ẹ̀ sì kún fún omi díẹ̀. Èmi náà sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: mo ní kì í ṣe ẹrù ni mò ń ṣọ́, ta ló máa jí firíìjì gbé lásìkò tí èèyàn ń wá ọ̀nà àtisá? Mi ò kàn mọ ohun tí màá fi ara mi ṣe nílé ni. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ta ayò, jàre." Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á ké "pìn!" lẹ́yìn wa. Rùkáyátù á dìde, á tẹ nọ́ńbà kan fún un, á padà wá bá mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, Dásọ́lá dé, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú ẹ̀. Ó ti kọ tuntun sórí ti àtijọ́. Rùkáyátù jẹ́ kó pa kọ̀ǹpútà, ó ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó tún un tàn. Ha! Rùkáyátù ò tíì gbé ìka kúrò lórí nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà ti ta á. Tá, tá, tá! Ó na ìyàwó mi. Ó tún nà án lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ mà!" Inú ọmọ náà ń dùn.

"Ó dáa. Ó yára. O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ọ lóye sí i." Rùkáyátù bu oúnjẹ fún un, ó ṣàdúà fún un dáadáa. Dásọ́lá sáré gba Ablogamé lọ bá Alhaji Kàbírù.

Bó ṣe lọ tán, ìyàwó mi pa kọ̀ǹpútà. Ó kó ọmọ ayò, ó gbé ọpọ́n padà sínú ẹrù, ó dì í.

Mo ní, "Ṣebí wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe. Ó mọ ayò jù mí lọ báyìí. Àmọ́ kò jẹ́ kí n ráyè bú u. Ṣé èmi nìkan ni màá máa jókòó, tí iná mànàmáná á máa nà mí?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin? Kọ̀ǹpútà ti dára. Ṣebí ẹ máa padà sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Mo jáde lọ jókòó sójúde. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọ̀rọ̀ á wà níkùn mi, kò ní jáde.

Sátidé, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo tú ẹrù ẹ̀ fúnra mi. Mo gbé ọpọ́n sórí ẹní, mo to ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí o tó lọ." Ó ti wé gèlè, ó ti wọ bàtà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀.

A ò tíì dé ìdajì tí Lucien fi dé, ó ń tẹ fèrè. Èmi ló kàn láti ta á. Mo na ọwọ́, mo fà á padà. Lucien wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n. "Papa, ilé kẹta. Ẹ ta ilé kẹta."

"Lucien, ta ló bi ọ́?" ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, on y va, ẹ jẹ́ ká lọ! Àwọn èrò wà nínú oòrùn."

"Ọkọ mi ò tíì ta á. Bàbá Fàdílátù, ṣé ẹ máa ta á ni?"

Mo ní, "Mi ò ní ta á."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá ta á, ó máa parí, wàá sì lọ." Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, mo fi lé e lọ́wọ́. "Mú un dání. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ṣí ọjà. Nínú ilé yìí ni mo wà. Bú mi bó bá ṣe wù ọ́. Rùkáyátù, má lọ."

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé níwájú Lucien ni mo ti sọ ọ́. Lucien ń wo òrùlé. Ìyàwó mi wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí, ó tún wo kọ́kọ́rọ́. Ó wá so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró.

"Lucien, gbé àpò kékeré yẹn. Ẹja gbígbẹ Àrìnkẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo rí ọ̀pẹ kan tí mò ń kọ́, n ò sì lè fi í sílẹ̀ báyìí, ó máa gbàgbé gbogbo ẹ̀."

"Yoo, mo ti gbọ́, Màmá." Lucien gbé ẹja, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ìyàwó mi bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ dáadáa. "Ó yá, ẹ ta á."

Mo ta ilé kẹta. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo jẹ mí ní mẹ́jọ.

Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i pé Lucien náà ò mọ̀ ọ́n."