Ọ̀nà Mọ́tò sí Pápá Agbowó

Ní ọdún 1957, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Òkè-Ògùn, ẹnì kan fi ọ̀bẹ la bọ́ọ̀lù tuntun tí ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ. Àwọn ọmọ kò tíì gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé béèrè ẹni tó ṣe é, Adégbénró, mọ́nítọ̀ kíláàsì kẹrin, dìde, ó nàka sí Gbádérọ̀. Wọ́n na Gbádérọ̀ lẹ́gba méjìlá lójú gbogbo ilé-ìwé. Ó ní òun kọ́, pé mọ́nítọ̀ gan-an lòun rí tòun tọ̀bẹ lẹ́yìn ilé ìdáná tíṣà. Wọ́n fi ẹgba méjì kún un nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ti bàbá rẹ̀ níwájú àwọn ará ìjọ. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé, ó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà. Ní 1971 ni bàbá náà kú, ó sì gbà títí ó fi kú pé ọmọ òun ló la bọ́ọ̀lù.

Gbádérọ̀ di bíríkìlà tó lórúkọ n'Íbàdàn. Ó ra ilẹ̀ sí Agbowó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kan ra ilẹ̀ tó kọjú sí tirẹ̀. Gbádérọ̀ jáde lọ wo ẹni tó fẹ́ di aládùúgbò rẹ̀. Adégbénró ni, ó ti di tíṣà. Gbádérọ̀ wọlé padà láì kí i.

Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ kó gbọ́, ẹlòmíràn ló ń rán sí i, kódà bí àwọn méjèèjì bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Ẹ bá mi sọ fún tíṣà pé omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn wá síwájú ilé mi."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Ó ti mọ́ gbogbo àdúgbò lára. Nígbà tí bàbá Adégbénró kú, Gbádérọ̀ rán Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, lọ kí wọn. Òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí wọ́n fi gbé pósí kọjá.

Ní ọdún 1987, ìjọba kéde pé àwọn máa fún àwọn àdúgbò lówó ìrànwọ́ láti fi ṣe pápá ìṣeré: ilẹ̀ títẹ́jú, gólì onírin, jangilófà fún àwọn ọmọ kéékèèké, àga lábẹ́ igi fún àgbà. Ohun méjì ni wọ́n ní kí àdúgbò pèsè, ilẹ̀ àti ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà débẹ̀. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní ilẹ̀. Ọ̀nà ni kò sí, àfi kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé Gbádérọ̀. Alága ẹgbẹ́, tó kọ ìwé ìtọrọ owó náà, ni Adégbénró.

Wọ́n rán Sùlàímọ́nù, télọ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, sí Gbádérọ̀.

"Bàbá Láwùmí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré là ń tọrọ. Tẹ̀tẹ̀ lẹ gbìn síbẹ̀, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ ò purọ́ mọ́ mi rí."

Sùlàímọ́nù bú sẹ́rìn-ín. "Bọ́ọ̀lù yẹn náà ni? Áà! Ó ti jẹrà tipẹ́ o."

"Kó sọ ọ́ síta. Ojú èèyàn ló ti purọ́, ojú èèyàn ni kó ti sọ òótọ́. Bó bá sọ ọ́ lónìí, kí mọ́tò kọjá lónìí."

Sùlàímọ́nù jíṣẹ́. Adégbénró ní òun ò rántí bọ́ọ̀lù kankan. Nígbà tí Gbádérọ̀ gbọ́ èsì yìí, ó po sìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí mọ búlọ́ọ̀kù dí ẹ̀gbẹ́ ilé náà.

Àmọ̀kẹ́ wá dúró tì í. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àwọn ọmọ tó ń ṣeré lójú títì lóṣù yìí. Rónkẹ́ ọmọ wa wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀," ni Gbádérọ̀ wí. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó wo ojú títì, lẹ́yìn náà ló gbé búlọ́ọ̀kù mìíràn.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn dé láti ọ́fíìsì ìjọba, ó wá yẹ ilẹ̀ wò. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò dẹ́kun gbígba ìwé ìtọrọ owó. Àwọn lánlọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí ó fi dé ibi búlọ́ọ̀kù.

"Ta ló mọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ò gbà kí ọ̀nà gba ibí? Nítorí kí ni? Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ kọ ọ́ pé ní 1957, alága la bọ́ọ̀lù ilé-ìwé, ó ní èmi ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́.

"Oṣù wo?"

"Oṣù kẹfà. Ọjọ́ Ẹtì ni."

Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Ibi tí alága máa fèsì sí nìyí. Òótọ́ ni, àbí irọ́? Bí kò bá sí èsì, mi ò lè mú ìwé yìí lọ."

"Ìyáàfin, irú èyí náà lẹ fẹ́ kọ sínú ìwé ìjọba?" ni Adégbénró wí.

"Ohun tó sọ ni mo kọ, sà."

Adégbénró yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Sùlàímọ́nù, bá mi sọ fún un pé..."

"Rárá o, Alága. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ kankan lónìí. Ẹ̀yin náà lẹ́nu."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbádérọ̀ fọwọ́ lé búlọ́ọ̀kù òkè pátápátá, ó dúró. Adégbénró wo fọ́ọ̀mù, ó wo àwọn èèyàn, ó wá wo Gbádérọ̀ lójú.

"Gbádérọ̀," ló wí. "Èmi ni mo là á. Ìwọ ni wọ́n mú láti gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ là á, mo sì mọ̀ pé o ò ṣe nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń nà ọ́."