Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Mo Fún Àkàngbé

Èmi ni mo máa ń ṣọ́ àkókò níbi ìrọ̀lẹ́ ìtàn wa ní Sùúrùlérè. Kò sẹ́ni tó fi mí jẹ oyè náà. Rótìmí, olùkọ́ tó dá ìpàdé yẹn sílẹ̀, kò lè sọ fún àgbàlagbà pé kó jókòó, èmi sì lè sọ ọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti lò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Yábà. Bí èmi Jemimah bá ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà ni. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí fún un, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí.

Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù la máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́fà. Àga onírọ́bà bí ọgọ́ta, máìkì kan, àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan tó máa ń han gooro bó bá ti wù ú. Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an nìkan la máa ń gbà. Ẹni tó bá kàn á dìde, á ní, "Ó ṣojú mi!" Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Jẹ́ kó ṣojú wa!" Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ní. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti pé, mo máa lu agogo kékeré kan tí màmá mi fi ń pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọlé nígbà tí wọ́n wà níṣẹ́ tíṣà.

Oṣù kìíní ọdún yìí ni Àkàngbé kọ́kọ́ wá. Wẹ́dà ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdí-Òrò ní Muṣin, níbi tó ti ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Á tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó lẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan, ó sì lọ. Ní oṣù kejì ó tún wá, ó tún jókòó síbi kan náà. Nígbà tí a ń to àga jọ, ó sún mọ́ mi.

"Àǹtí, ṣé èèyàn lè pe ẹlòmíì wá gbọ́ tiẹ̀?"

"Bàbá, ẹ pe gbogbo Muṣin wá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ni."

Mi ò bi í pé ta ni. Mo ń wá ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sí.

Ní oṣù kẹta, èèyàn mẹ́jọ ló forúkọ sílẹ̀, Àkàngbé ló ṣìkarùn-ún. Quadri, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Yábà, ló sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsí ọkọ ìyàwó ló sọ, ó pa wá lẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ìgbà tó jókòó ni mo tó wo aago. Ó ti lo ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ojú tì mí díẹ̀, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé ẹni tó kù kò ní lo ìṣẹ́jú kan lé.

Àkàngbé gba máìkì. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó ṣojú mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Jẹ́ kó ṣojú wa!"

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, nípa ìyá wọn tó máa ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, bí èéfín ṣe máa ń ta á lójú tí kò sì ní kúrò nídìí iná. Ó sọ bí òun àti àbúrò òun, Láyí, ṣe máa ń jà nítorí gàrí gbígbóná tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí agbada. Ó máa ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á nu ojú, á tún máa lọ. Àwọn tó wà níwájú ti ń yí lórí àga. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá kó tó kan ọ̀rọ̀.

"Ọdún kejìlá rèé," ó ní, "àìsàn kọlu ìyá wa. Wọ́n pe Èkó lórí fóònù pé kí ọmọ kan wá gbé wọn lọ sí ọsibítù. Èmi àti Láyí nìkan la wà l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó wá. Ọjọ́ kẹta, ìyá wa kú. Gbogbo ilé ló gbà pé Láyí ni wọ́n pè, torí òun ló máa ń tètè lọ sílé. Wọ́n ní ó gbọ́, ó sì kọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa obìnrin na ìka sí i lójú níbi ìsìnkú, wọ́n ní, 'Ìwọ lo pa á.' Wọ́n lé Láyí kúrò nílé ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn…"

Mo lu agogo.

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó dún. "Àǹtí, ó kù díẹ̀."

"Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ariwo àtẹ́wọ́ kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá máìkì padà fún Rótìmí. Lẹ́yìn pátápátá, ọkùnrin kan tó dé fìlà búlúù dìde, ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Mo pe Máyọ̀kún, ẹni tó kàn.

Àkàngbé kò wá ní oṣù kẹrin. Kò wá ní oṣù karùn-ún.

"Àǹtí Jemimah," Rótìmí sọ fún mi, "ẹ ò jẹ́ ká lọ wo bàbá wẹ́dà yẹn? Ìtàn wọn ò tán."

"Bí wọ́n bá fẹ́ parí ẹ̀, wọ́n mọ ibi tí a wà," mo dá a lóhùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Rùkáyàt, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, máa ń fi fóònù gba ohùn gbogbo ìtàn sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ó kó wọn ránṣẹ́ sí mi pé kí n ṣa èyí tó dùn jù. Mo ń gbọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan bí mo ṣe ń lọ aṣọ. Nígbà tó kan ti Àkàngbé, mo gbọ́ ohùn ara mi pé, "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn," bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ẹ̀gbẹ́ máìkì ni Rùkáyàt gbé fóònù rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ohùn Àkàngbé lábẹ́ àtẹ́wọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì:

"Èmi ni wọ́n pè. Èmi ni wọ́n pè."

Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ lábẹ́ ọwọ́ mi kí n tó mọ̀. Mo pa iná, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdí-Òrò.

Mo bá a lórí ìjókòó pákó, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà. Ó dìde nígbà tó rí mi, ó fi aṣọ nu àga fún mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun kún fún èérún irin.

"Bàbá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn agogo."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ní òun ní géètì ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ nígbà náà, tó gbọ́dọ̀ dúró kó tó di ọjọ́ Àìkú. Wọ́n pe òun láti ilé. Òun ní òun ń bọ̀, òun ò sì sọ fún Láyí, òun rò pé àìsàn tó máa ń ṣe ìyá wọn tẹ́lẹ̀ náà ni. Nígbà tí ilé kọjú sí Láyí, òun dákẹ́.

"Mo ní n ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní ká jẹ́ kí ọdún yípo. Ẹni tó pè mí láti ilé lọ́jọ́ náà kò sí níbi ìsìnkú, ó sì ti kú báyìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bí kò ṣe èmi."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lẹ ti fẹ́ sọ ọ́?"

"Láyí kì í gbé fóònù mi. Mo bẹ ìyàwó rẹ̀ kó bá mi sọ fún un pé kó ṣáà wá jókòó, mi ò ní sún mọ́ ọn. Mo mọ ara mi, Àǹtí. Bó bá jẹ́ èmi àti ẹ̀ nìkan, màá yí ọ̀rọ̀ náà sí òmíràn. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo yín, mi ò ní lè kó o jẹ."

"Ó wá?"

"Ṣé ẹ rí ọkùnrin kan tó dé fìlà búlúù?"

Mo rántí bó ṣe ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó gbọ́ tí mo sọ fún èrò pé òun ló pa ìyá wa," Àkàngbé wí. "Ó sì gbọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́."

Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì Láyí, kí n lọ ṣàlàyé. Ó kọ̀. "Ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Mo lọ. Ó ti jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé Ìjọra ni Láyí ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ Túsìdeè ni mo béèrè títí mo fi rí i. Ó ń darí àwọn tó ń já àpò sìmẹ́ǹtì, eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀: géètì ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù, agogo mi.

"Ṣé òun ló rán yín, Mádàámù?"

"Rárá o. Wọ́n ní kí n má wá."

"Ẹ rí i bẹ́ẹ̀? Ọdún méjìlá ló fi dákẹ́. Lọ́jọ́ tó wá lanu, wọ́n lu agogo, ó tún dákẹ́. Ṣé agogo ló di í lẹ́nu mú ni?"

"Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jẹ̀bi díẹ̀." Ó yọ fìlà, ó gbọn eruku inú rẹ̀. "Ilé ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, kì í ṣe Sùúrùlérè. Èmi ò sin ìyá mi. Bó bá ní ọ̀rọ̀, ó mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ fún Àkàngbé pé mo lọ. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí Láyí rán. Inú bí i gan-an. "Mo bẹ̀ yín," ó ń tún un sọ, "mo bẹ̀ yín!" Ó pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò gbúròó rẹ̀. Nígbà tó pè padà, ó ní òun ń lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ti ní kí ẹbí péjọ. Ó bi mí bóyá mo lè sin òun dé Jíbówú.

A dúró níbi ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá wa obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ wọn, tí wọ́n na ìka sí Láyí… wọ́n kú ní oṣù karùn-ún."

"Oṣù karùn-ún ọdún yìí?"

"Ọdún yìí. Wọ́n pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Títí wọ́n fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Láyí, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀." Ó gun ọkọ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ já wọn sí. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn kan bú òun, àwọn kan sunkún, ẹnì kan dìde ó fi ilé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe Láyí, wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Olórí ẹbí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Mo ti gbọ́.' Ó bi wọ́n pé ta ló sin ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa yẹn, ṣé wọ́n sin wọ́n dáadáa. Ó ní kí wọ́n kí gbogbo ilé. Kò dárúkọ mi."

"Ṣé ó máa wá?"

"Mi ò mọ̀."

Mo sọ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Jímọ̀. "Bàbá, ká ní mo fún yín ní ìṣẹ́jú méjì sí i lóṣù kẹta, ìyá àgbà ì bá gbọ́ kí wọ́n tó kú. Wọn ì bá pe Láyí fúnra wọn."

Mo fẹ́ kó sọ pé rárá, pé kí n má ro ó bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ì bá rí bẹ́ẹ̀."

Àwọn èrò ń kọjá lára wa pẹ̀lú ẹrù. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mi ò tíì jẹ. Ó ra búrẹ́dì kan láti ojú fèrèsé kíóòsì, ó bu ìlàjì fún mi, a sì jẹ ẹ́ ní ìdúró.