Dísù Pupa Lẹ́nu Aláwẹ̀

Tipa mi kì í mu dísù. Mo ti sọ ọ́ ká gbogbo Ìgàndó, mo tún ń sọ ọ́: itọ́ ni mo máa ń tu sí táńkì rẹ̀, á sì gbé iyẹ̀pẹ̀ dé Ìdímù kí atẹ́gùn tó mọ̀ pé a ti kọjá.

Fawas ló sọ mí di onírọ́. Katapílà ni Fawas ń wà ní sáìtì wa, dísù tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún ẹ̀rọ sáìtì ni wọ́n sì ń fún un. Wọ́n ti da aró pupa sí i kí gbogbo ayé lè dá a mọ̀. Òfin sáìtì ni pé ọkọ̀ tí kì í gun títì nìkan ló gbọ́dọ̀ mu ún. Dẹ́rẹ́bà tí tipa rẹ̀ bá tọ́ ọ wò, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó máa lọ ilé.

Èmi ń ra olówó iyebíye, katapílà tó ń rìn bí ìgbín aboyún ń mu pọ́ọ́kú! Wàsílátù tó ń pín epo á tún máa rẹ́rìn-ín sí i: "Fawas mi, ṣé ó ti kún?" Fawas mi! Inú mi á hó débi tí wọ́n lè fi se ìrẹsì fún gbogbo Alimọ́ṣọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, Fawas lọ kírun Alásárì. Mo ki rọ́bà bọ táńkì katapílà, mo fẹnu fà á. Epo ya wọ ẹnu mi, mo tu ú dànù, mo fa ìyókù sí kẹ́ẹ̀gì, mo rọ ọ́ sí tipa.

Ní géètì, Àlájì Sàlámì, ọ̀gá sáìtì, dá mi dúró. "Táòfíkì, ṣí táńkì ká wò ó."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Àlájì. Itọ́ ló wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Tu díẹ̀ ká rí i."

Mo fi ìyangàn tu ú. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀!

Wàsílátù, tó wà nídìí epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, figbe ta. "Kí ló wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

"Sóbò ni, jàre. Sóbò tútù."

Fawas ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìdí ìrun bọ̀. "Sóbò kẹ̀? Àwẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo ní láti inú ìyá ẹ lo ti ń gbààwẹ̀!"

Àlájì nawọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo jù ú sí i, mo fo géètì, ó di Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀yìn ni mo ti ń gbọ́ Wàsílátù: "Fawas mi, fi katapílà lé e!"

Fawas mi! Mo tún fi kún eré.