Omi Tí Àyọ̀ká Lá

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ẹni tí kì í fi ìrun ṣeré ní Bẹyẹrúnkà, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ìyá Àdínnì ni. Àtọ́kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ẹ̀wà àti àgbàdo ló ń tà l'Ọ́jà'ba, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ tí yóò wojú ìyá náà kó pè é lórúkọ? Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá. Bí omi kò bá dé ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan dáadáa, Ìyá Àdínnì á ti rí i láti òdìkejì àgbàlá, á sì ní kó padà sídìí omi.

Èkúté ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ti dá àpò ẹ̀wà mẹ́ta lu nínú yàrá tó ń kó ọjà sí. Bushrah, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Mọ́lété, wá gbé ọmọ ológbò kan wá fún un nínú páálí bàtà. Ohun tí wọ́n ní kó wá pa èkúté, èkúté mìíràn jù ú lọ.

"Bushrah, ṣé èyí ló máa lé wọn, àbí àwọn ni wọ́n máa bá mi tọ́ ọ?"

"Ẹ ṣáà ní sùúrù, Màámi. Á dàgbà."

Ìyá Àdínnì tọ́ ọ. Á ki ìka bọ mílíìkì, á nà án sí i lẹ́nu kó lá a. Á yọ egungun kúrò lára ẹja ṣáwá, á rún un wẹ́wẹ́. Ó fi gèlè àtijọ́ tẹ́ ibùsùn fún un nínú apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ apẹ̀rẹ̀, itan ìyá nìkan ló mọ̀. Ó sọ ọ́ ní Àyọ̀ká. Kí oṣù méjì tó pé, bí ìyá bá wọ balùwẹ̀, Àyọ̀ká á jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè é. Bó bá ti ọjà dé, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, Àyọ̀ká á ti máa fara nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti èkúté, ọjọ́ tí ọ̀kan sáré kọjá níwájú rẹ̀, abẹ́ ìró ìyá ló sá sí. Ìyá Àdínnì bú u títí, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Ibi tí ìfẹ́ dé nìyẹn kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kí ìrun Alásàárì tán, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Àyọ̀ká tó ki orí bọ abọ́ omi àlùwàlá, tó ń lá a bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Àyà rẹ̀ já. Ta ló mọ ọjọ́ tó ti ń lá a bọ̀? Wọ́n ti kọ́ ọ nígbà èwe pé abọ́ tí ajá bá fẹnu kàn, ìgbà méje ni à á fọ̀ ọ́. Òṣùwọ̀n ajá yìí ló wá fi wọn ológbò. Lójú tirẹ̀, ìrun oṣù méjì ti wọ igbó lọ.

Ẹlòmíràn ì bá béèrè, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n báwo ni olùkọ́ àlùwàlá yóò ṣe lọ béèrè àlùwàlá? Ìtìjú ò jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í san ìrun. Bó bá kí Àìlà tòní, á kí Àìlà kan tì í fún èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, orúnkún sì ń ké. Ó bo abọ́, ó ra bútà tó ní ọmọrí, Àyọ̀ká ṣì ń rí ibi gbà. Nígbà tó yá, ó ń tì í mọ́ta bó bá fẹ́ kírun. Ọmọ náà á máa sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá kò sì ní mọ iye rákà tó kí mọ́. Bí ìrun rẹ̀ kò bá gbà, kí ló kù fún un? Bó bá sì lé Àyọ̀ká, ta ni yóò máa jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, ó pinnu. Ó gbé Àyọ̀ká sínú àpò ọjà, ó fi ìborùn bò ó, ó di Mọ́lété, ó ń lọ dá a padà fún Bushrah. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Bẹẹrẹ, tó kù kó wọ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sílé Àáfà Misbaudeen, lèmọ́mù wọn. Ìṣojú ìyá náà ni wọ́n ṣe bí Àáfà yìí.

"Àáfà, ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi," ló wí bó ti jókòó, tó fọwọ́ di orúnkún mú. "Ológbò ń mu nínú omi àlùwàlá rẹ̀. Ó ní kí n bá òun béèrè iye ìrun tóun máa san."

"Ọ̀rẹ́ yín wo nìyẹn, Ìyá Àdínnì?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Apá Pópó Yemọja ló ń gbé."

Àpò ké. Ìyá Àdínnì wúkọ́ bò ó. Àpò tún ké, orí kékeré kan yọ lábẹ́ ìborùn, ó wo Àáfà, kò rí i rò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ọwọ́ ìyá.

Àáfà Misbaudeen kò rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ṣe é. Ó kàn ń wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín," ó ní, "pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Ará ilé ni Ànábì wa kà á sí. Bí kò bá ṣáà ti sí ìdọ̀tí lẹ́nu rẹ̀, omi tó bá mu ṣeé ṣe àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ ajá lọ́tọ̀. Kò sí ìrun kankan láti san."

"Kankan?"

"Kankan, Ìyá. Àlùwàlá wọn pé. Ẹ ní kí wọ́n lọ sinmi orúnkún wọn."

Ìyá Àdínnì gbé Àyọ̀ká jáde nínú àpò. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àpò ẹ̀wà orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó bú sẹ́kún níwájú ọmọ tó wẹ̀ fún rí, ojú kò sì tì í.

"Èmi ni, Àáfà. Kò sí ọ̀rẹ́ kankan."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́ fún àwọn obìnrin lọ́jọ́ àsàlátù. Ó lè máa ṣe ẹlòmíràn."

Wọn ò dé Mọ́lété mọ́. Nígbà tí Màgàríbì tó, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé orí sílẹ̀ ní rákà àkọ́kọ́, Àyọ̀ká dé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí Àkíbù ọkọ rẹ̀ ti kú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àdínnì kò tì í. Ó ń ṣe àfọ̀mọ́ Ọlọ́run lọ, ó sì pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ náà ju bó ti máa ń pẹ́ lọ, kó tó gbé orí sókè.