Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá Ìyíọlá Di Ẹrù Rẹ̀

Ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń retí oúnjẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ náà ti kúrò lára rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò ṣẹ̀jẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ọmọrí kúrò lórí igbá. Mo kí ẹsẹ̀ náà pé ẹ káàárọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ ẹni ni, kò yẹ kí n fojú di í. Ó dá mi lóhùn pé òun kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ tí ọkọ mi fẹ́ jẹ báyìí bá tún jẹ́ irú èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, òun ń lọ nìyẹn. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní ibi tí àwọn ẹsẹ̀ tó ti lọ wà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò yà mí lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ti bá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ti ń pa ẹsẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀, pé kí a kó gbogbo oúnjẹ inú agolo, inú ọ̀rá àti inú páálí kúrò nílé, kí a máa jẹ ohun tó bá hù láti inú ilẹ̀. Ó ní bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á gé e. Kò sọ pé ẹsẹ̀ náà lè dìde lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ó gbàgbé ni.

Mo wọ yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí láti kó wọn dànù. Nílé wa ní Ìpetumodù, yàrá yẹn kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó gùn lọ títí, pákó tí a to agolo sí ga kọjá ibi tí ojú mi lè dé, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ ní ìparí rẹ̀. Àwọn agolo kí mi. Wọ́n pè mí ní Mà. Tìmátì, sàdíìnì, mílíìkì, bisikíìtì inú ọ̀rá, gbogbo wọn ló kúnlẹ̀, àwọn tí kò lè kúnlẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ara fu mí. N kò tíì rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó máa ń kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé tìmátì, mo ní kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n kà á fúnra mi, ṣebí mo ti mọ̀wé báyìí. Òótọ́ ni. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ara páálí ọṣẹ, tí mo ń ka ara ògiri, tí mo ń ka bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Ohun tí mo bá rí kà, mo máa ń gbà pé òótọ́ ni, nítorí mo mọ wàhálà tí mo ṣe kí n tó lè kọ ọ̀rọ̀ kan. Ta ni yóò ṣe gbogbo wàhálà yẹn tán, tí yóò wá kọ irọ́?

Mo ka tìmátì. Orúkọ àkọ́kọ́ jẹ́ tìmátì, èkejì jẹ́ iyọ̀. Orúkọ kẹta gùn ju agolo náà lọ. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò sí ara agolo kejì, ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ta nìyí. Ó ní àlejò ni. Mo bi í pé ìgbà wo ni àlejò náà dé. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé.

Mo kó wọn sínú àpò, mo gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti ṣáájú mi dé orí pákó, wọ́n ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Mo tún kó wọn. Wọ́n tún ṣáájú mi dé. Nígbà kẹta, wọ́n bá mi gbé àpò.

Páálí ọsàn kan wà níbẹ̀ tí kò kúnlẹ̀ rárá, ó kàn ń wò mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: Ọsàn gidi ni, a kò fi ṣúgà sí i. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé, kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Olùkọ́ wa gan-an kì í fi àmì sí i tó bẹ́ẹ̀. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì fún ọkọ mi, mo bù ú sí ife, mo gbé e fún un. Ó mu ún, ó ní ó dùn. Ọmọ-ìka tó kéré jù lára ẹsẹ̀ òsì náà bá dìde, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, kò sì wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ náà yí ojú sí mi.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹ̀rín lókè. Eyínfúnjowó ló ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà, ó rọra ń sọ̀ bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀, ó ru páálí ńlá kan. Àbúrò ọkọ mi ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, nítorí eyín rẹ̀ funfun. Ó sọ páálí náà kalẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ìyàwó wa, wọ́n ní o ti di nọ́ọ̀sì,” ó ní. “Ewé lo wá fẹ́ máa fi bọ́ ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń bọ́ ewúrẹ́?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, mo fi ọwọ́ hàn án níbi tó jókòó sí. Eyínfúnjowó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, pé ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun ni. Ó tú páálí rẹ̀. Ẹran inú agolo wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìndòdò wà níbẹ̀, èròjà ìsebẹ̀ tí wọ́n fi bébà pupa wé wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò dá iná. Ó kàn ń ṣí wọn, wọ́n sì ń jinná. Òórùn wọn dùn débi pé ògiri súnmọ́ tòsí, ilé sì há. Òórùn náà ni mo tún fura sí. Oúnjẹ tí a ń sè máa ń kọ́kọ́ rùn ní tútù kó tó ta sánsán. Ti Eyínfúnjowó kò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti wá ohun tó hù láti inú ilẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ti di oko wa àtijọ́, ọ̀nà tó wà láàárín ebè ṣì rí bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń dáná. Ọdún kọkànlá rèé tí ìyá mi ti kú. Aṣọ tí mo fi wọ̀ ọ́ fúnra mi kí wọ́n tó gbé e lọ ló ró, ṣùgbọ́n ó ti ká a sókè kó lè ríbi ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ó pè mí ní Àwẹ̀ró, ó ní kí n wá mú ọmọrí ìkòkò dání.

Ẹ̀fọ́ yánrin ló ń sè, ó fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ti jinná sínú ìkòkò kejì. Èyí ní ìbẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn ewé tútù, mo gbóòórùn irú, mo wá gbóòórùn obẹ̀. Itọ́ kún ẹnu mi. Ara tún fu mí sí i. Mo mọ̀ pé àlá ni mò ń lá, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni. Ìyá mi yìí gan-an ló sì kọ́ mi pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé oúnjẹ fún mi lójú àlá, n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kódà bó jẹ́ òun ló bù ú. Mo rán an létí. Ó ní òun rántí dáadáa. Ó ń ro obẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo gbé ìkòkò náà, mo yí i, mo wo ìdí rẹ̀.

“Kí lò ń wá lára ìkòkò?” ìyá mi bi mí.

Mo ní mò ń wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni, pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára, pé èyí kò ní àkọsílẹ̀ kankan.

“Ọ̀la ni yóò bàjẹ́,” ó ní. “Oúnjẹ ni.”

Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì sí ohun tó wà lára ìkòkò rẹ̀ ju èéfín lọ. Mo wá rántí ohun tí a máa ń ṣe nílé wa. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ tàbí omi fún ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀. Àlejò kì í tọrọ rẹ̀, onílé ló ń ṣe é láìsọ̀rọ̀. Mo bẹ ìyá mi kó tọ́ ọ wò. Kò bínú. Ó bu obẹ̀ sẹ́nu. Obẹ̀ náà gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́ kọjá, ó sì balẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín.

“Òkú kì í jẹ́rìí oúnjẹ, Àwẹ̀ró,” ó ní. “Ìwọ ni ìyàwó ilé.”

Mo gbé ìkòkò náà wọlé. Ibi tí a ti ń jẹun ti di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, pátákó dúdú wà lára ògiri, ọkọ mi sì jókòó sí ìjókòó ọmọ iléèwé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn agolo ti tò sí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ kíláàsì. Eyínfúnjowó ti bu ṣíbí kan, ṣíbí náà kò jìnnà sí ẹnu ọkọ mi mọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹsẹ̀ òsì náà ti gbé báàgì rẹ̀, ìka mẹ́rin tó kù ti wà níta, gìgísẹ̀ nìkan ló ṣì wà nínú ilé.

“Eyínfúnjowó,” mo ní, “ẹ tọ́ ọ wò.”

Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ìyàwó wa, ṣé májèlé lo wá pè mí báyìí?”

“N kò pè yín ní májèlé. Mo ní kí ẹ tọ́ ọ wò ni.”

Ọkọ mi pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó ń dúró. Eyínfúnjowó yíjú sí àwọn agolo pé kí wọ́n gba òun. Wọ́n dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe ń dá olùkọ́ wa lóhùn, pé wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sí àwọn lára. Ó wo ṣíbí náà títí. Ó wá yọ eyín rẹ̀ funfun lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ pátá, ó dì í sí etí ìró rẹ̀, ó ní ẹ wò ó, òun kò ní ohun tí òun máa fi jẹ ẹ́. Ó jókòó sí àárín àwọn agolo, n kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí wọn mọ́.

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó bi mí pé ta ló se tèmi. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ìyá mi ti kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ta ló tọ́ ọ wò?” ó ní.

Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kúrò lórí ilẹ̀. Mo wo ara ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ẹnìkan ti kọ nǹkan kan sí i nígbà tí mò ń rìn bọ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó yánrin, mo fi sẹ́nu. Ó korò díẹ̀. Ẹja rẹ̀ ní egungun. Irú rẹ̀ ti jinná dáadáa. Mo jẹ ẹ́ pẹ́, nítorí mo ń bẹ̀rù, gbogbo kíláàsì sì ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ọkọ mi ló jí mi. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, orí àga ni mo sùn sí, ìwé mi ti já bọ́ sílẹ̀. Ó dúró tì mí, ó na ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n mi bí ẹni fẹ́ gba nǹkan.

“Ìyá Ìyíọlá, ẹnu rẹ ń jẹ nǹkan. Tu ú dànù.”

Mo ní mo ti gbé e mì.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ta ló fún mi.

“Tiyín wà lórí iná,” mo ní.

Àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń hó nínú ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì dá iná láti àárọ̀.