Fèrè Àyọ̀ká

“Ta ló fọwọ́ kan Àyọ̀ká?”

Kíkẹ́lọmọ ló béèrè, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan rẹ̀. Akínfẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń po ògì fún un, dá ọwọ́ dúró.

“Èmi ni. Ó ti lágbára báyìí. Kò sí ẹranko tó lè pa á mọ́.”

“Fèrè rẹ̀ dà?”

Àyọ̀ká ni ọmọbìnrin jagunjagun inú géèmù tí àwọn méjèèjì jọ ń ta, láti ìgbà tí ìrora eegun tí wọ́n bí mọ́ Kíkẹ́lọmọ ti dá a dúró sílé ní àdúgbò Oregbeni. Bí Àyọ̀ká bá borí ọ̀tá, á gba pọ́ìntì. Ẹni tó ń ta géèmù náà á sì yan ohun tó fẹ́ fi ra fún un, ìbáà ṣe agbára, ìbáà ṣe idà. Orí fèrè ni Kíkẹ́lọmọ ń ná tirẹ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ló fi fèrè náà wá orin tí màmá wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrọ̀lẹ́. Bí Àyọ̀ká bá jókòó sétí odò tó fọn ún, ẹyẹ a bà lé e léjìká. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà lọ̀tá ń pa á.

Akínfẹ́mi ò lè wò ó mọ́. Nígbà tí wọ́n dá àbúrò rẹ̀ dúró sọ́sípítù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó gbogbo pọ́ìntì fèrè sórí agbára.

“Fèrè ò lè gbà á lọ́wọ́ ikú, Kíkẹ́.”

Kíkẹ́lọmọ tẹ bọ́tìnnì. Ẹranko kan bẹ́ jáde. Idà kan, ó ṣubú. Òmíràn ò tíì lanu tóun náà fi ṣubú. Ó darí Àyọ̀ká lọ sétí odò. Ẹyẹ kankan ò bà.

“Kí ló wá kù tí yóò máa ṣe?” Ó pa kọ̀ǹpútà dé. “Ẹ sọ fún Màámi pé n kò ní lọ sọ́sípítù lọ́la. Má jẹ èyí, má mu tọ̀hún, má lọ sí kọ́áyà nítorí òtútù. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe Àyọ̀ká lẹ ń ṣe mí.”

“Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí ọ lára lọ́la ò gbọdọ̀ yẹ̀.”

“Abeg, leave me.” Èdè títì Upper Sakponba ló máa ń sá sí tí inú bá ń bí i. Ó kọjú sógiri.

Akínfẹ́mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti gbàdúrà, “Olúwa, ṣàánú” nìkan ló jáde. Ó wá inú kọ̀ǹpútà, fèrè àtijọ́ ti lọ pátápátá.

Ó bẹ̀rẹ̀ Àyọ̀ká mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tó wọ àkísà, tó mú igi dání. Kòkòrò kan ló kọ́kọ́ pa, ó gba pọ́ìntì kan. Ọwọ́ Akínfẹ́mi fì lórí idà. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó ra fèrè.

Ó fọn ohùn àkọ́kọ́, ó fọn ìkejì. Ó ṣi ìkẹta.

“Ó ga jù,” Kíkẹ́lọmọ wí sára ògiri.

“Wá fi hàn mí.”

Ó pẹ́ kó tó yí padà, ìrora ò jẹ́ kó yá. Ó gba kọ̀ǹpútà, ó wá ohùn náà rí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹranko ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.”

Akínfẹ́mi ti rí i. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kó má baà já kọ̀ǹpútà gbà.

“Jẹ́ kó máa bọ̀. Parí ẹsẹ kìíní ná. Tá a bá kúrò lọ́sípítù lọ́la, a ó yà ní kọ́áyà. Màá mú súwẹ́tà rẹ dání.”

Kíkẹ́lọmọ ń fọn ún lọ. Ó fọwọ́ kan gbé ife ògì tó ti tutù, èkejì ò kúrò lórí orin.